Irinṣẹ́ Ẹja Pípa: Ṣé Olówó Gọbọi Ló Dára Jù?

   

Irinṣẹ́ ẹja pípa ni ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí. Ìwọ̀, okùn, àwọ̀n, ọ̀pá, ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì. Gbogbo wọn ló ti gbówó lórí. Apẹja dé ìsọ̀, ó rí oríṣi méjì. Ọ̀kan wọ́n bí ojú. Ìkejì, owó pọ́ọ́kú ni. Èwo ni kó mú? Ṣé èyí tó wọ́n ló dára? Àbí ńṣe ni ẹni tó rà á fi owó ṣòfò?

Yorùbá ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo owó tí wọ́n ná nítorí ọbẹ̀ ló ń dénú ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ẹja pípa rí. Ibi tí irinṣẹ́ ti ń kan ẹja ni kí owó lọ. Ìwọ̀ ń kan ẹja. Okùn ń kan ẹja. Ojú àwọ̀n ń kan ẹja. Nípa ìyókù, kí apẹja fara balẹ̀ kó tó tọwọ́ bàpò.

Omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, kó tó kan ọjà. Omi wo ni apẹja fẹ́ wọ̀? Ẹ jẹ́ ká fi ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó ní ìpínlẹ̀ Òǹdó ṣe àpẹẹrẹ. Omi tó wà níbẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Odò Olúwà gba àárín igbó kọjá, igbó ọba ńlá tó ń jẹ́ orúkọ odò náà. Igi bò ó lórí. Kùkùté àti ẹ̀ka igi tó ti wó kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe ń sún mọ́ Àgbàbú ló ń fẹ̀ sí i, tó ń wá ojú ọ̀nà ọ̀sà. Àgbàbú yìí kan náà ni wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀ wá bítúmẹ́nì láti nǹkan bí ọdún 1907. Ọ̀dà dúdú náà a máa sun jáde fúnra rẹ̀ látinú ilẹ̀. Àwọ̀n tó bá kó sí i, fífọ̀ rẹ̀ di wàhálà.

Ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìlàjẹ. Igbókòdá ńkọ́? Ayétòrò ńkọ́, títí dé etí òkun? Ẹja ibẹ̀ ló ń gba ọ̀nà Òkìtìpupa wọ oríta Òrè. Irinṣẹ́ òkun sì yàtọ̀ sí irinṣẹ́ odò. Àwọ̀n gígùn tí wọ́n ń nà sórí òkun, tó ń kó ẹja wálé fún olówó rẹ̀, bí wọ́n bá gbé e wá sínú Olúwà, kùkùté á fà á ya lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ṣé àwọ̀n ọ̀hún ni kò dára? Rárá o. Omi rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ó dáa. Ìwọ̀ ni kó ṣáájú.

Ìwọ̀ ló kéré jù nínú ẹrù apẹja, síbẹ̀ ọrùn rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà. Bí ẹnu ìwọ̀ bá kú, ẹja ti lọ. Bí ìwọ̀ bá nà, ẹja ti lọ. Bó bá kán, ẹja ti lọ. Ọ̀pá olówó gọbọi kò lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nígbà náà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ìwọ̀ gidi? Kí apẹja mú ìwọ̀ kan, kó gbé ẹnu rẹ̀ lé èékánná àtàǹpàkò, kó rọra fà á, kó má tẹ̀ ẹ́. Bí ẹnu ìwọ̀ bá há sí èékánná, tó kọ̀ tí kò lọ, ó mú. Bó bá yọ̀ lọ bọ̀rọ́, ó ti kú nìyẹn. Ìdánwò kejì wà. Kó di ìwọ̀ náà mú lọ́tùn-ún lósì, kó ṣí i díẹ̀, kó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Èyí tí irin rẹ̀ dára á padà sí bó ṣe wà. Èyí tí irin rẹ̀ rọ̀ á nà síbẹ̀. Èyí tó gan jù á ṣẹ́ sọ́wọ́. Àrọ̀ kì í ṣe ẹja tí wọ́n ń fi ìwọ̀ rírọ̀ mú. Egungun ni gbogbo orí rẹ̀, agbára rẹ̀ sì pọ̀ nínú ẹrẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Mustad ní ilẹ̀ Norway, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1832, ti ń fi ẹ̀rọ ṣe ìwọ̀ láti 1877. Orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì létí odò káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n orúkọ ara páálí nìkan kò tó. Ayédèrú ò tán lọ́jà. Èékánná ni ẹlẹ́rìí tó dájú. Bí èékánná bá sì ti jẹ́rìí sí i, kí apẹja sanwó rẹ̀, bó tilẹ̀ fi díẹ̀ wọ́n ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èlé tó san lórí ìwọ̀ kò tó nǹkan. Ẹja ńlá kan ṣoṣo tí kò já lọ ti san án padà.

Okùn ló tẹ̀ lé ìwọ̀. Okùn ọ̀rá tó gbó, kì í kígbe kó tó já. Oòrùn ló ń pa á. Okùn tí wọ́n fi kọ́ síwájú ìsọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, tí oòrùn ń pa á lójoojúmọ́, ti ń kú díẹ̀díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rà á. Nítorí náà, kí apẹja béèrè èyí tó wà nínú páálí, níbi òjìji. Kó fà á wò. Kó fi ìka tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bóyá ó ti ha, bóyá ó ti ń ṣe hàrà-hàrà.

Ohun kan tún wà níbí tí kò gba kọ́bọ̀. Bí wọ́n bá ń so okùn ọ̀rá mọ́ ìwọ̀, kí wọ́n fi itọ́ tàbí omi rin kókó náà kí wọ́n tó fà á le. Ọ̀rá tó gbẹ, bí wọ́n bá fà á, á gbóná lára ara rẹ̀. Ibi tó gbóná yẹn ló máa ń já. Okùn olówó ńlá tí wọ́n so ní gbígbẹ kò lè tó okùn pọ́ọ́kú tí wọ́n so dáadáa. Ǹjẹ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ìwọ̀ pẹja ti kíyè sí i pé ìdí kókó ni okùn sábà ń já, kì í ṣe àárín?

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí rédíò rẹ̀, ẹ káàbọ̀ o. Irinṣẹ́ ẹja pípa ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Ṣé èyí tó wọ́n ló dára jù? Ibi tó ń kan ẹja ni kí owó lọ. Ìwọ̀ ti kọjá, okùn ti kọjá. Ó wá kan àwọ̀n.

Àwọ̀n ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù, torí àwọ̀n ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé apẹja.

Láyé àtijọ́, òwú àti fọ́nrán ara ewéko ni wọ́n fi ń hun àwọ̀n. Òwú a máa jẹrà. Bí wọ́n bá ti odò dé, wọ́n á sá a, wọ́n á tún máa rẹ ẹ́ sínú omi èèpo igi kí ó lè pẹ́. Wàhálà títọ́jú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wàhálà ẹja pípa fúnra rẹ̀. Ní 1935, Wallace Carothers àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ DuPont l'Amẹ́ríkà ṣe ọ̀rá tí gbogbo ayé mọ̀ sí náílọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀rá náà di àwọ̀n, ó sì dé etí omi Áfíríkà. Kò jẹrà. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, síbẹ̀ ó lágbára. Ó wọ́n ju òwú lọ, ṣùgbọ́n apẹja tó rà á bọ́ lọ́wọ́ sísá ojoojúmọ́. Nínú gbogbo irinṣẹ́ olówó gọbọi tó ti wọ iṣẹ́ yìí, kò sí èyí tí owó rẹ̀ pé tó o.

Àìjẹrà yìí náà ló wá di ewu. Àwọ̀n òwú tó sọnù sómi, á jẹrà, ọ̀rọ̀ parí. Àwọ̀n náílọ́ọ̀nù tó sọnù kì í sinmi. Á wà nísàlẹ̀ odò, á máa mú ẹja tí ẹnikẹ́ni ò ní jẹ. Nítorí náà, kí ẹni tó fi owó ńlá ra àwọ̀n fi ààmì tó hàn sí i, kó sì so ó mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ìṣàn má gbé e lọ. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹja tí àwọ̀n òkú yẹn ń pa, ẹja ọdún tó ń bọ̀ ni.

Lónìí, oríṣi àwọ̀n méjì ló gbòde. Ọ̀kan ni èyí tí okùn rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tó mọ́ gaara, tí ẹja kì í tètè rí. Ìkejì ni èyí tí wọ́n lọ́ fọ́nrán púpọ̀ pọ̀ di okùn kan. Alókùn-ẹyọ-kan kì í wọ́n, ó sì ń pa ẹja gan-an nínú omi tó mọ́. Ṣùgbọ́n ó ń tètè ya. Bó bá ya, títún un ṣe le, torí kókó rẹ̀ ń yọ̀. Ọ̀pọ̀ apẹja kì í tún un ṣe mọ́, wọ́n á jù ú nù. Ibo ló ń lọ? Odò náà ni. Ní Senegal, òfin ti ka irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Olókùn lílọ́ wọ́n jù ú lọ, ẹja sì lè rí i nínú omi tó mọ́. Ṣùgbọ́n ó ń pẹ́. Abẹ́rẹ́ àwọ̀n àti òwú díẹ̀ ti tó láti fi dí ihò rẹ̀.

Èwo ni kí apẹja Odígbó rà? Ẹ jẹ́ ká wo omi Olúwà nígbà òjò. Kí ni àwọ̀ rẹ̀? Ó pọ́n, ó dàrú, ẹrẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Nínú omi bẹ́ẹ̀, ẹja kò rí àwọ̀n, ìbáà mọ́ gaara, ìbáà ṣú. Àǹfààní tí àwọ̀n ẹyọ kan ní ti dòfo nìyẹn. Kí ló wá kù? Agbára àti pípẹ́. Olókùn lílọ́ ló ni méjèèjì. Níbí, èyí tó wọ́n ló yẹ ní rírà, bí kùkùté ṣe pọ̀ tó lábẹ́ odò yẹn.

Bí ojú àwọ̀n bá ṣe wẹ́ tó ni òwú tó wọ inú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Nítorí náà, àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ lè wọ́n ju olójú gbàǹgbà tó fẹ̀ tó o lọ. Wàyí o, kí ni olójú wẹ́wẹ́ ń mú wálé? Ọmọ èpìyà. Ọmọ àrọ̀. Ẹja tí kò tíì bímọ rí. Apẹja san owó púpọ̀, ó kó ẹja tí kò lówó lórí, ó sì tún ba odò jẹ́. Kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣe é tó fi máa pé. Kí wọ́n ra olójú tó fẹ̀, kí kékeré rí ọ̀nà lọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ tún wà nínú àwọ̀n tí owó kò lè rọ́pò. Àwọ̀n tí wọ́n rà ní ìdì kò tíì di àwọ̀n. Ó di ìgbà tí wọ́n bá tò ó sára okùn òkè àti okùn ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá nà án tán pátápátá kí wọ́n tó tò ó, ojú rẹ̀ á pa dé, ẹja á kàn fi orí gbá a, á sì padà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń kó o jọ sórí okùn tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì àwọ̀n tí wọ́n nà. Nígbà náà ni ojú rẹ̀ á là dáadáa, tí orí ẹja á wọlé tí etí rẹ̀ á há. Àwọ̀n tó dára jù lọ́jà, bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tò bá tò ó, kò ní pa nǹkan kan.

Ohun tó ń lé lókè àwọ̀n ńkọ́? Ohun tó ń fà á wálẹ̀ ńkọ́? Níbí, kí ẹnikẹ́ni má fi owó ṣòfò. Sílípáàsì tó ti gbó, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n lu, ń lé lórí omi gẹ́gẹ́ bí èyí tí wọ́n ń tà. Ike omi tó ní ìdérí ń ṣe ààmì. Òjé tí wọ́n yọ́ ń fà á wálẹ̀. Ẹja kò mọ èyí tí wọ́n rà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ṣà nílẹ̀.

Fún àwọn ará Ìlàjẹ tó ń gbọ́ wa, ewu kan wà tí ojúlówó àwọ̀n kò lè yẹ̀ ẹ́. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1992 lórí ẹja pípa lójú òkun àti ìlànà tó rọ̀ mọ́ ọn ya máìlì orí omi márùn-ún àkọ́kọ́ láti etí òkun sọ́tọ̀ fún apẹja kékeré. Kò yẹ kí ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n nílẹ̀ òkun dé ibẹ̀. Síbẹ̀, apẹja etíkun kò yé ráhùn pé wọ́n ń dé ibẹ̀, pàápàá lóru, tí wọ́n ń fa àwọ̀n aláwọ̀n lọ. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ apẹja kì í kó gbogbo owó wọn lé àwọ̀n gígùn kan. Wọ́n á pín in sí méjì, mẹ́ta. Bí ọ̀kan bá lọ, èkejì á kù. Koríko orí omi tó wọ Nàìjíríà láti apá Badagry ní 1984 náà kò jẹ́ kí àwọ̀n sinmi nínú ọ̀sà. Bí ìṣàn bá gbé e dé, á kó àwọ̀n mọ́ra lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀, ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ ẹja ni o. Ohun tó ń kan ẹja ni kó jẹ owó. Ohun tí ẹja kò mọ̀, kó má jẹ ẹ́.

Ìgèrè kò jẹ owó rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ló ń kan ẹja. Ọparun àti ìko tó wà nínú igbó Odígbó ni wọ́n fi ń hun ún. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ lóde, ó sì ń fún bó ṣe ń wọlé. Ẹja wọlé fún ìdẹ, kò mọ ọ̀nà àbájáde mọ́. Ẹja inú rẹ̀ kì í kú. Apẹja lè mú èyí tó fẹ́, kó dá ọmọ rẹ̀ padà sómi. Fún àrọ̀ àti edé, nínú àbàtà àti létí odò kékeré, ìgèrè tí àgbà hun dára ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun. Kí ló dé tí àwọn ọ̀dọ́ kò fi kọ́ híhun rẹ̀ mọ́? Àdánù ńlá nìyẹn jẹ́.

Ọ̀pá ìpẹja wá ńkọ́? Èyí tó ní kẹ̀kẹ́ ìkókùn lára, tó ń dán, tí ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀? Ọ̀pá bẹ́ẹ̀ fúyẹ́, ó ń ju ìwọ̀ jìnnà, ó sì ń tẹ̀ bí ẹja bá fà á, kí okùn má bàa já. Fún ẹni tó dúró sí etí òkun, tàbí létí adágún ńlá, àǹfààní wà níbẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ń fi í ṣe fàájì. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 13 gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó fi ọ̀pá pẹja nínú odò. Ọ̀pọ̀ wọn á mú ẹja, wọ́n á yọ ìwọ̀ rẹ̀, wọ́n á sì dá a padà sómi. Fàájì ni wọ́n san owó fún, wọ́n sì rí i. Ẹnikẹ́ni ò lè bá wọn wí.

Àmọ́ kí ni ẹni tó dúró sábẹ́ igi létí Olúwà fẹ́ ju ìwọ̀ jìnnà sí? Ẹ̀ka igi ló máa há sí. Ọparun tó gùn dáadáa ti tó o. Kẹ̀kẹ́ ìkókùn kò fẹ́ yanrìn, kò fẹ́ ẹrẹ̀, kò sì fẹ́ omi iyọ̀. Bó bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe ní Òrè? Ọ̀pá onífọ́nrán kábọ́ọ̀nù tún ń gbé iná mànàmáná. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e sókè lábẹ́ wáyà iná, kó má sì dúró pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tí àrá bá ń sán.

Ẹ́ńjìnnì ló kù, òun ló sì wọ́n jù. Lórí òkun, kò sí àríyànjiyàn. Ìgbì àti ọ̀nà jíjìn kò jẹ́ kí àjẹ̀ nìkan tó. Ìdí rèé tí apẹja etíkun fi ń dá àjọ, tàbí kí wọ́n para pọ̀ ra ẹyọ kan, Yamaha lọ́pọ̀ ìgbà, torí pé ẹ̀yà ara rẹ̀ wà lọ́jà, mẹkáníìkì sì mọ̀ ọ́n. Ìyẹn gan-an ni ohun tó yẹ kí wọ́n sanwó fún lára ẹ́ńjìnnì: èyí tí wọ́n lè tún ṣe nítòsí. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kì í yé jẹun. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó epo ti ń jẹ èrè ọ̀pọ̀ apẹja mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń pẹja nínú odò, tí kò kọjá ìtòsí ilé rẹ̀, àjẹ̀ àti ọkọ̀ onígi tí kò jò ti tó o. Kó fi owó ẹ́ńjìnnì ra àwọ̀n gidi méjì.

Títọ́jú ló parí ọ̀rọ̀ owó yìí, torí ohun tó wọ́n tí wọ́n kò tọ́jú kò yàtọ̀ sí ohun pọ́ọ́kú. Bí wọ́n bá fa àwọ̀n sókè, kí wọ́n yọ ewé, ẹ̀ka igi àti egungun ẹja kúrò lára rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bó bá ti omi iyọ̀ wá, kí wọ́n fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án. Kí wọ́n fi í kọ́ sábẹ́ ibòji, kì í ṣe sójú oòrùn. Kó má kan ilẹ̀, torí eku. Kí wọ́n dí ihò lọ́jọ́ tó ya, torí ihò kékeré òní á gba odidi ẹja kọjá lọ́la. Ìwọ̀ náà, kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n fi òróró díẹ̀ pa á, kí wọ́n sì máa fi fáìlì kékeré pọ́n ẹnu rẹ̀. Bí wọ́n bá ń ra àwọ̀n àlòkù lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí wọ́n di kókó méjì mú, kí wọ́n fà á gírígírí ní ibi mẹ́ta, mẹ́rin. Bó bá ń já lọ́wọ́, kí wọ́n dá a padà fún olówó rẹ̀.